Ọta Tó Fúyẹ́ àti Ọta Tó Wúwo: Èwo Ló Ń Tàpá Jù?

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan máa ń yọ́ òjé, wọ́n á fi ṣe ọta ìbọn fúnra wọn. Tí wọ́n bá ń jiyàn lórí èyí tó máa tàpá jù nínú ìbọn ìléwọ́ kékeré, joule làwọn míì ń kà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ wo Smith & Wesson Model 36, tó ń yin .38 Special. Ká ní ọta tó wúwo jẹ́ gíráàmù 10.2, tó ń sá mítà 230 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó fúyẹ́ jẹ́ gíráàmù 7.1, ó ń sá mítà 290. Agbára ti àkọ́kọ́ jẹ́ joule 270, ti èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300. Ṣé èkejì ló máa wá tàpá jù? Rárá! Momentum lọwọ́ ń gbọ́, ìyẹn ìwọ̀n ọta tí a fi eré rẹ̀ sọ di púpọ̀: 2.35 sí 2.06. (Ètù náà ń dá díẹ̀ kún un.)

Èyí tó tún ká mi lára jù ni pé ọta tó wúwo kì í tètè jáde. Kó tó jáde, ẹnu ìbọn ti ń gbé sókè, ó sì máa ń ba páálí lókè ju èyí tó fúyẹ́ lọ. Irin tí wọ́n fi ń fojú sùn lórí Model 36 ò sì ṣeé yí. Tó bá jẹ́ èmi, ìwọ̀n tó bá irin yẹn mu ni màá dúró tì, kódà kó tàpá.