Iná Oko, Òfò Ọjà

 

Ọ̀rọ̀ iná tó ń jó igbó la fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nìyẹn. Bí iná bá jó ọ̀pẹ àti igi igbá lóṣù Ṣẹ́rẹ́, ta ni yóò rí epo àti irú tà? Àwa náà ni òfò yẹn yóò bá.

Àwọn àgbà inú wa rántí ọdún 1983. Ọ̀dá mú, iná sì jó káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Gánà, oko kòkó jóná, ìyàn sì mú. Ní Ivory Coast, ìyẹn ilẹ̀ Àbíjàn tí àwọn ọmọ Èjìgbò pọ̀ sí, oko kòkó àti kọfí jóná pẹ̀lú.

Iná kì í dá ràn o. Èèyàn ló ń ràn án: àgbẹ̀ tó ń sunko, ọdẹ tó ń lé òkété, ẹni tó ń sun èédú, ẹni tó ju ìdí sìgá sígbó. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ló ń sọ bóyá iná náà yóò kú tàbí yóò ràn lọ. Ayé ti ń gbóná sí i. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti wọn ooru ayé, 2024 ló gbóná jù títí di ìgbà náà. Ooru ń tètè fa omi inú ewé àti ilẹ̀ gbẹ. Òjò àpọ̀jù náà ní ewu tirẹ̀: koríko á ga, tó bá wá gbẹ, oúnjẹ iná ni. Ẹ wo ewé Akíntọ́lá tó gba ibi tí wọ́n ti gé igbó. Lásìkò ọyẹ́, bí ẹni bu karosíìnì sí i ló ń jó.

Nítorí náà, "ìgbà báyìí la máa ń sunko" kò tó mọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná, kó wo nǹkan mẹ́rin: iye ọjọ́ tí òjò ti dá, bí koríko ṣe gbẹ tó, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́, àti bí oko ẹlòmíràn ṣe súnmọ́ tó. Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet máa ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Ẹ jẹ́ ká máa fetí sí i, ká sì máa sọ ọ́ fún àwọn àgbẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ta ló ń ra èédú? Ta ló ń ra ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n fi iná lé jáde? Àwa ni. Owó wa wà nínú iná yẹn. À ń bẹ̀ yín, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ má ra irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń kó èédú wá léèrè bó ṣe sun ún. Ẹ sọ fún ọkọ àti ọmọ yín kí wọ́n ro ààlà oko yíká kó mọ́, kí wọ́n má sì fi iná tí kò tíì kú sílẹ̀ wálé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Oko wa kò ní jóná, ọjà wa ní Ola kò ní tú. Ajé á wọgbá o.