Àwòrán Odò Kò Fọ Odò



Àwọn kan ń bẹnu àtẹ́ lu àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà tí ń ya àwòrán ọjọ́ ọ̀la tí ewé yóò ṣì tutù nínú rẹ̀. Wọ́n ní ebi ń pa ìlú, kí ni ti àwòrán? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Láàárín 1950 sí 1960, wọ́n ń gé igi ibẹ̀, wọ́n ń dọdẹ níbẹ̀, èèwọ̀ sì ti di yẹpẹrẹ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ló dìde: Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, Adébísí Àkànjí tí í ṣe bíríkìlà, àti àwọn mìíràn. Sìmẹ́ńtì, amọ̀ àti igi ni wọ́n fi gbé ojúbọ àti ère dìde, tí wọ́n fi dínà mọ́ àáké. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò. Ní 2005, UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé. Hẹ́kítà 75 ló ṣì dúró láàárín ìlú. Ta ló tún ní ọnà kò wúlò nígbà ìṣòro?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ní ẹjọ́ bá yín rò. Àwọn tí ń wa góòlù láìgbàṣẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi Ọ̀ṣun di omi ẹrẹ̀. Nígbà Ọdún Ọ̀ṣun ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùsìn kí wọ́n má ṣe mu ún. Omi tí àwọn ìyá wa fi ń wo ọmọ! Síbẹ̀, odò tó mọ́ gaara ni ẹ̀ ń kùn fún títà. Odò wo nìyẹn? Àwòrán odò kò fọ odò.

Gẹ́gẹ́ bí babaláwo, mo mọ̀ pé ẹbọ tí a kò gbé dé ibi tí Ifá darí rẹ̀ sí kì í fín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọnà. Ẹ gbé e lọ sí apá òkè odò, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń wọlé. Ẹ kun omi náà bó ṣe rí gan-an, kí ojú ti ẹni tó bà á jẹ́. Ẹ gbé ère kalẹ̀ létí ibi tí wọ́n ń gbẹ́, bí àwọn tó ṣáájú yín ti ṣe nínú igbó.

Àwa àgbà náà kò gbọdọ̀ káwọ́ lẹ́rán. Kí a dá èèwọ̀ odò padà, kí a sì ra sìmẹ́ńtì fún wọn. Kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Bí omi bá di májèlé, kí ni a fẹ́ fi bọ Ọ̀ṣun?

Àṣẹ.