Ohun tí mo gé kúrò nínú fídíò ATV wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán.

Ẹ rántí fídíò tí mo gbé síbí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èyí tí mo ti ń gun ATV lórí iyanrìn, tí àgọ́ wa wà lẹ́yìn lábẹ́ igi àgbọn? Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbé síbí lọ́dún yìí, òun lẹ pín kiri jù. Lánàá, ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ní, "Àǹtí mi, mo ti ń tọ́jú owó o. Mo fẹ́ mú àbúrò mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìbí ẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni."

Àyà mi já. Ohun tó yẹ kó mọ̀ kó tó lọ, èmi ni mo gé e dànù.

Mo ṣubú lọ́jọ́ yẹn.

Àwa mẹ́fà la gbéra ní ráńdábáòtù Ìkọ̀tún láago márùn-ún ìdájí Sátidé, ká lè sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, a kọrí sọ́nà Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́ mọ ìdí tá a fi ń lọ jìnnà bẹ́ẹ̀. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ wa nìkan. Ẹ wá fi ibi tí ọ̀dọ́ ti lè jókòó sábẹ́ igi hàn mí, láìsí ariwo jẹnẹrétọ̀, láìsí òórùn ààtàn Ìgàndò. Nítorí náà, mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má lọ. Ìsinmi tọ́ sí wa.

Nígbà tá a débẹ̀, wọ́n gbowó, wọ́n fún wa ní máṣíìnì. Kò sí akoto kankan. Mo béèrè. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó wọn rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, iyanrìn ni, kò lè dùn yín." Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ò ju pé "ibí lẹ máa tẹ̀, bíréèkì nìyí."

Èmi náà gbà. Mo ṣáà ti ń wọ ọ̀kadà láti kékeré. Wọ́n lé ọ̀kadà kúrò ní Ìkẹjà àti Súrùlérè ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àmọ́ tiwa ṣì ń ná ọjà ẹ̀ lọ. Mo ní bí ohun tó ní taya méjì ò bá gbé mi ṣubú, ṣé elétaya mẹ́rin ló máa gbé mi ṣubú?

Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Ọ̀kadà máa ń tẹ̀ síbi tó bá fẹ́ yà sí. ATV kì í tẹ̀. Ẹni tó gùn ún ló gbọ́dọ̀ fi ara tẹ̀ síbẹ̀. Ó ga, ó wúwo, àwọn ńlá inú wọn ju 300 kílò lọ. Tó o bá yà lójijì níbi tó dà gẹ̀rẹ́, ó lè dojú dé, kó sì bo ẹni tó gùn ún mọ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, elétaya mẹ́ta ṣe èèyàn léṣe débi pé lọ́dún 1988, àwọn tó ń ṣe é gbà láti má tà á mọ́. Ní ti elétaya mẹ́rin, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà níbẹ̀ ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 má gun ti àgbà rárá.

Kámẹ́rà ló mú kí n yà lójijì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n wo òun. Taya ẹ̀gbẹ́ kan gbéra nílẹ̀, ó jù mí síwájú, máṣíìnì sì wó lulẹ̀ gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àlàfo tó wà láàárín òun àti orí mi ò ju gígùn bàtà kan lọ. Èjìká mi bó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà fipá rẹ́rìn-ín, a tún fídíò yà. Ìkejì yẹn lẹ rí.

Kò tán síbẹ̀. Lóru, òjò rọ̀, òtútù mú, ọ̀kan nínú wa gbé sítóòfù eléèédú wọnú àgọ́, ó sì fa síìpù pa. Bàbá ọlọ́dẹ ló rí iná náà látìta. Ó ṣí àgọ́, ó wọ́ sítóòfù jáde: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé oorun àìjí lẹ fẹ́ sùn ni?" Òótọ́ ni Bàbá sọ. Èédú tó ń jó máa ń tú carbon monoxide jáde, bíi ti èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa èèyàn nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Kò lóòórùn, ojú ò sì rí i. Èyí náà, mo gé e.

Kí ló dé tí mo gé e? Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: ìdajì owó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa torí fídíò náà. Mi ò sọ ìyẹn fún yín pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní, "Ìwọ tó ò kì í dé akoto lórí ọ̀kadà Ìkọ̀tún." Bẹ́ẹ̀ ni. Ní January 2009, tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní kí ẹni tó bá wọ ọ̀kadà dé akoto, igbá làwọn kan dé, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Mo kéré nígbà náà, àmọ́ wọ́n ṣì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nílé wa. Igbá ò lè gba orí là. Wọ́n kàn fi ń tan àwọn tó ń ṣọ́nà ni. Fídíò mi náà, igbá ni.

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, tá a bá lè sọ pé ibì kan dùn, ó yẹ ká lè sọ ẹni tó sanwó, ká sì sọ ibi tí ewu wà. Owó tí ẹnì kan fi oṣù mẹ́ta tọ́jú ló fẹ́ fi tẹ̀ lé wa lọ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n:
– Ṣé akoto wà fún gbogbo wa, tó bá orí wa mu?
– Ta ló máa kọ́ wa, fún ìṣẹ́jú mélòó?
– Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló máa wà lórí máṣíìnì?
– Tí ẹnì kan bá fara pa, ọsibítù wo ló sún mọ́ ibẹ̀ jù?

Tí wọ́n bá fẹ̀rín dá yín lóhùn bíi tèmi, ẹ gbowó yín padà.

Mo ti dá ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá yẹn lóhùn. Mo ní kó mú àbúrò ẹ̀ lọ gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ ìbí, kí ATV dúró dè é títí á fi dàgbà. Mo ti yọ fídíò àkọ́kọ́ kúrò. Èyí tí mo ti ṣubú ló wà nísàlẹ̀ yìí, mi ò gé ohunkóhun. Ẹ bá mi pín òun náà.