Ọtí Kì Í Nìkan Wọlé ní Kòríà

  Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo fíìmù àwọn ará Kòríà lálẹ́, tẹ́ ẹ bá ti palẹ̀ ọjà mọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Ìgò kékeré aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń gbé sílẹ̀ lóru yẹn, kí ló wà nínú rẹ̀? Kí ló sì dé tí oúnjẹ fi máa ń kún orí tábìlì bí ẹni tó ń ṣòkú àgbà?

Soju lorúkọ rẹ̀. (Ẹ má rò pé ojú ni wọ́n ń dà á sí o, ọ̀fun náà ló ń gbà.) Iná ni wọ́n fi ń sè é bí a ṣe ń sè ògógóró. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́. Nígbà tó di 1965, tí ìrẹsì ò tó jẹ nílùú, ìjọba ní kí wọ́n má fi ìrẹsì ṣe ọtí mọ́. Ẹ wá gbọ́ ohun táwọn ilé iṣẹ́ ọtí yà sí: ànàmọ́ àti pákí! Pákí tí à ń fi ṣe gàrí yìí náà ni o. Wọ́n á sè é títí á fi le bí iná, wọ́n á wá fi omi là á, wọ́n á fi nǹkan adùn díẹ̀ sí i. Títí dòní, pákí tí wọ́n rà láti òkè òkun ṣì wà nínú soju olówó pọ́ọ́kú. Agbára rẹ̀ jẹ́ 35 nínú 100 ní 1924. Lóde òní ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 16. Bíà kì í sábà ju 5 lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo ìgò kékeré.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ọtí kì í nìkan wọlé lọ́dọ̀ wọn. Oúnjẹ tó ń bá ọtí rìn ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, anju ni wọ́n ń pè é. Ọtí kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹnìkejì rẹ̀. Soju ń bá ẹlẹ́dẹ̀ yíyan rìn. Ọtí ìrẹsì funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní makgeolli, ojú rẹ̀ dà bí ẹmu, inú abọ́ ni wọ́n ti ń mu ún. Bí òjò bá ń rọ̀, àkàrà pẹlẹbẹ alálùbọ́sà eléwé tí wọ́n dín lórí irin ni wọ́n fi ń bá a rìn. Bíà ń bá adìẹ díndín rìn.

Ní ti àwọn tó ń se é lóru, ẹ̀yin ìyá wa, ẹgbẹ́ yín ni wọ́n. Lẹ́yìn ogun tó parí ní 1953, tébi ń pa ìlú, àwọn aláìní fi tápólì bo ọmọlanke, wọ́n gbé e sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń yan ẹyẹ ológoṣẹ́, wọ́n ń ta soju sí i. Pojangmacha ni wọ́n ń pe àgọ́ bẹ́ẹ̀. Lónìí, wàá bá ẹsẹ̀ adìẹ tí ata rẹ̀ ń ta ètè níbẹ̀, wàá bá iwe, wàá bá ìfun, wàá bá ẹja lílọ̀ nínú omi ọbẹ̀ gbígbóná. Àga rọ́bà ni o máa jókòó lé, ìyá tó ń dáná wà níwájú rẹ gan-an. Kì í ṣe pé ìjọba fẹ́ràn wọn o. Kónílégbélé wà lórí wọn láti 1945 títí di oṣù kìíní 1982: nígbà tó yá, láti aago méjìlá òru sí mẹ́rin ìdájí ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sí níta. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gba àlejò eré Òlíńpíìkì ní 1988, ni wọ́n bá tún ń lé àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ní Seoul, wọ́n ní wọ́n ń ba ojú ìlú jẹ́. Ẹ ti mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí tábìlì. Èèyàn kì í rọ ọtí fún ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ ni yóò rọ ọ́ fún ọ, ìwọ náà á máa ṣọ́ ife tirẹ̀ kó má gbẹ. Tí àgbà bá ń rọ ọ́ fún ọmọdé, ọwọ́ méjèèjì lọmọdé fi ń gba ife. Tó bá fẹ́ mu ún, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé! Ìgò kan sì ń kún ife méje. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì, ife kan á ṣẹ́ kù. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan náà á ṣẹ́ kù. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, tẹ́ ẹ mu ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta tó kù kò ní kárí. Wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ọgbọ́n ọlọ́tí ni, kẹ́ ẹ lè tún ra òmíràn. Ẹni tó bá wakọ̀ wá, tó sì ti mu, á tẹ fóònù, dírẹ́bà àyálò á dé, á wa ọkọ̀ náà gbé e délé.

Ibì kan wà tí adùn ti di ìkorò. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ á kó àwọn ọmọ iṣẹ́ jáde lálẹ́, ife tó bá nà sí ọ, kíkọ̀ rẹ̀ á di àrífín. Obìnrin kan tí ọ̀gá rẹ̀ ń fipá mú mutí bẹ́ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 2007, ilé ẹjọ́ gíga Seoul dá a láre, wọ́n ní kí ọ̀gá náà san mílíọ̀nù 30 owó won fún un. Ó tọ́ sí i jàre. Ọwọ́ tó ń rọ ọtí fún ọ̀rẹ́ kò gbọdọ̀ di ọwọ́ tó ń fún un lọ́rùn.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, tiyín rèé. Àdúgbò kan ń jẹ́ Euljiro ní Seoul, àwọn atẹ̀wé, àwọn onírin àti àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ló kún ibẹ̀. Ní 1980, bàbá kan ṣí ilé bíà kékeré síbẹ̀, OB Bear, fún wọn. Bíà kan, ẹja gbígbẹ kan tó fara jọ pánla, tí wọ́n yan lórí èédú, ata pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn míì rí i pé ọjà ń tà, wọ́n ṣí tiwọn, gbogbo òpópó náà wá di ibi ẹja yìí. Ní 2015, ìlú Seoul pàápàá kọ òpópó náà mọ́ ohun ìní tí kò yẹ kó parun.

Kíkọ tí wọ́n kọ òpópó náà ò gba ilé ọtí yẹn sílẹ̀ o. Nígbà tí àkókò ilé náà pé, onílé ò gbà láti fún wọn ní àfikún ọdún mọ́. Wọ́n dé kóòtù, ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Ní ìdájí ọjọ́ 21 oṣù kẹrin 2022, wọ́n kó ẹrù wọn síta. Ọ̀pọ̀ alẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn oníbàárà fi ń wá kóra jọ sílẹ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti tì pa, wọ́n ń kọrin.