"Ta lo mọ̀ tó lówó?" Ìbéèrè tó ń dúró de àwọn ọmọ Ìdànrè tó ń wá iṣẹ́ ọjà títà

Ọmọ Ìdànrè tó bá jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga, tó sì ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, kì í pẹ́ kó tó mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń pe èèyàn sí jù lọ kì í ṣe èyí tó kọ́ nílé ìwé. Ì báà jẹ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ló kà ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ì báà sì jẹ́ ìṣirò owó ló kà ní póòlì Ọ̀wọ̀, ìpè tó máa wọ orí fóònù rẹ̀ yóò sábà wá láti báǹkì, láti iléeṣẹ́ adójútòfò, láti iléeṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, tàbí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín ẹ̀rọ POS kiri. Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà lè gùn títí, kí wọ́n fi ọ̀gá àti alámòójútó há a láàárín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjà títà ni.

Kò sí ohun tó burú nínú ọjà títà. Yorùbá kò fìgbà kan kórìíra ajé. Ohun tó yẹ kí èèyàn yẹ̀ wò dáadáa ni ohun tí wọ́n ń bi àwọn olùwáṣẹ́ nínú yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nítorí ibẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ ti ń jẹ́ kó hàn ohun tó fẹ́ rà gan-an.

Àwọn tó ti jókòó síwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, yálà ní Alágbàkà ní Àkúrẹ́ tàbí ní Èkó, mọ bó ṣe máa ń lọ. Ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà ló máa ń ṣáájú, ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n á fi ìṣẹ́jú bíi mélòó kan dí. Àwọn tó bá yege á padà wá lọ́jọ́ mìíràn nínú kóòtù àti táì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n á ní kí olùwáṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ lè na bíró sí i, kó ní: "Ta bíró yìí fún mi." Ìyẹn kò le rárá, ẹni tí ìyá rẹ̀ ti gbé àtẹ lé lórí láti kékeré mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí oníbàárà ń wá kó tó yin ọjà. Ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé e ló le: "Bí a bá gbà ọ́ lónìí, mílíọ̀nù mélòó lo lè mú wá láàárín oṣù mẹ́ta? Ta lo mọ̀ tó lówó?"

Lórí ìbéèrè yìí ni gbogbo rẹ̀ dúró. Kò wádìí ọgbọ́n, kò wádìí sùúrù, kò wádìí bóyá ẹni tó jókòó níwájú wọn lè ṣàlàyé ọjà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Mọ̀lẹ́bí olùwáṣẹ́ ló ń wádìí. Ọmọ ọ̀gá àgbà tí kò lè ta omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ á yege, nítorí pé ìpè kan sí bàbá rẹ̀ ti tó.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibí kì í ṣe àdììtú. Lóṣù kẹjọ 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ sì ń wá àwọn tí yóò tà á dé ìgboro àti abúlé. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ṣe ní 2004 dá àwọn iléeṣẹ́ aládàáni sílẹ̀ tó ń du àkáǹtì òṣìṣẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ìdíje náà sì tún gbóná sí i láti oṣù kọkànlá 2020, nígbà tí wọ́n fún òṣìṣẹ́ láàyè láti kó owó rẹ̀ kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tó da omi rú jù lọ ni ìkéde tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, gómìnà báǹkì àpapọ̀, CBN, ṣe lóṣù keje 2004, pé báǹkì tí olú-owó rẹ̀ kò bá pé bílíọ̀nù 25 náírà kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn mọ́ lẹ́yìn ìparí 2005. Bílíọ̀nù 2 ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀. Báǹkì 89 ló wà nígbà yẹn. 25 ló kù nígbà tí gbèdéke pé. Eré àsápajúdé ni wọ́n sá. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà láti máa wá owó ìfipamọ́ ni wọ́n tún di fọ́ọ̀mù ìpín ìdókòwò fún, pé kí wọ́n lọ tà á fún àwọn èèyàn wọn.

Wọ́n sì tà á. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá aláṣọ, bàbá tó ní oko kòkó, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo wọn ló ra ìpín nítorí pé ọmọ ẹni ló gbé fọ́ọ̀mù wá. Lóṣù kẹta 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà lé ní 66,000. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 31,000. Lóṣù kẹjọ 2009, Sanusi Lamido Sanusi tó gba ipò lọ́wọ́ Soludo yọ ọ̀gá àgbà báǹkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Orúkọ àwọn ọ̀gá yẹn ni ìwé ìròyìn ń kọ. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn máàkẹ́tà tó padà sílé lọ́dún Kérésì bí wọ́n ṣe wo ojú bàbá tó fi owó kòkó ra ìwé tí kò níye lórí mọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ìbéèrè kékeré ni wọ́n ń béèrè bí wọ́n bá ní "Ta lo mọ̀?" Wọ́n ń ní kí olùwáṣẹ́ gbé orúkọ ilé rẹ̀ kalẹ̀ bí ohun ìdógò, kó tó mọ iye tí wọ́n máa san fún un.

Ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń gbà tajà kí ayé tó dà báyìí. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló gbé aṣọ dé abúlé àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà ìjọba òyìnbó, wọ́n tà á láwìn, wọ́n sì padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde. Ọjà, ẹsẹ̀ àti ìforítì ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe bàbá olówó. Ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà, John H. Patterson tó ni iléeṣẹ́ National Cash Register dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bá a tajà ní àwọn ọdún 1890, ó kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ, ó sì pín àgbègbè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. (Òun náà kì í ṣe áńgẹ́lì: ó fi tágẹ́ẹ̀tì le àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì lé Thomas Watson tó padà sọ IBM di ńlá.) Àmọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ ló ń fún atajà ní àgbègbè. Nàìjíríà ni olùwáṣẹ́ ti ń gbé àgbègbè tirẹ̀ wá láti ilé, àbúrò bàbá rẹ̀ sì ni àgbègbè náà.

Ní Ìdànrè, ìbéèrè yìí ní oró tirẹ̀. Ìlú tí àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí àtẹ̀gùn tó lé ní 600 sì ń gbé àlejò lọ wo ààfin àtijọ́, kì í ṣe ìlú tálákà. Ó wà lára àwọn ibi tí kòkó ti ń jáde jù lọ ní Nàìjíríà. Tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là ní ọjà New York lóṣù kejìlá 2024, kó tó já wálẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n owó kòkó ní àkókò tirẹ̀. Láti bí oṣù kẹwàá ni ìkórè ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí owó náà fi ń di owó ilé ìwé, oògùn tí wọ́n ń fín sóko, owó ìyàwó, àti gbèsè. Òmíràn ti jẹ tirẹ̀ tán ṣáájú ìkórè, lọ́wọ́ oníkòkó tó yá a lówó. Báǹkì ń wá owó tó máa jókòó jẹ́ẹ́. Nítorí náà, bí olùwáṣẹ́ bá sọ fún ìgbìmọ̀ pé àgbẹ̀ ni bàbá òun, ojú wọn á ti kúrò lára rẹ̀ kó tó parí gbólóhùn.

Ìgbìmọ̀ náà ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ọmọ tó dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n kòkó mọ ọjà ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ó ti rí i tí oníkòkó ń gé èso wò bóyá ó gbẹ dénú, ó ti gbọ́ àríyànjiyàn lórí kòkó tútù, ó mọ̀ pé ìwọ̀n lè purọ́, ó sì mọ̀ pé àgbẹ̀ tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lọ́dún yìí kò ní mú àpò kan wá lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti fagi lé ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ní 1986 ni àwọn oníkòkó aládàáni ti ń du àgbẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹni tí àgbẹ̀ bá sì fọkàn tán ló ń rí kòkó rà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí owó bébà wọ́n bí ojú nítorí owó tuntun, àgbẹ̀ tí kò fọkàn tán fóònù rí ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í gba owó. Ẹni tó jókòó ti irú bàbá bẹ́ẹ̀, tó ṣàlàyé fún un títí ó fi gbà, ti ta ọjà tó le ju àkáǹtì báǹkì lọ. Ìgbìmọ̀ kò béèrè, òun náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ ọ́.

Ti àwọn ọmọbìnrin tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á bi í bóyá ó ti lọ́kọ, wọ́n á bi í nígbà tó fẹ́ bímọ, wọ́n á bi í bóyá ó lè lọ bá oníbàárà ńlá níbikíbi àti nígbàkígbà. Wọ́n á wo aṣọ rẹ̀ ju síífíì rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní làákàyè mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Abala 42 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n fi obìnrin du èèyàn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ẹjọ́ lọ nítorí ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹni tó bá bínú jáde mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Èrò tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí ló ń pa ẹnu olùwáṣẹ́ mọ́. Ní 15 oṣù kẹta 2014, nígbà tí àjọ tó ń rí sí wíwọlé àti jíjáde nílẹ̀ Nàìjíríà ní kí àwọn tó ń wáṣẹ́ wá ṣèdánwò ní àwọn pápá ìṣeré, àwọn tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ló ti san ẹgbẹ̀rún kan náírà nítorí àyè iṣẹ́ tí kò pé 5,000, ó kéré tán èèyàn 15 ló sì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ẹni tó rántí ìyẹn kò ní bi ìgbìmọ̀ léèrè owó oṣù. Ibẹ̀ náà ni àwọn oníjìbìtì ti ń rí èèyàn mú: wọ́n á pe olùwáṣẹ́ wá sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó sì di ìpàdé níbi tí wọ́n ti ń ní kó ra ọjà kó sì mú ẹni mẹ́ta mìíràn wá. Iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá a kì í ṣe iṣẹ́.

Àwọn iléeṣẹ́ tó dúró dáadáa náà ní àwíjàre. Wọ́n ní ẹni tí kò lè mú oníbàárà wá kò wúlò, pé owó oṣù kò lè ti inú afẹ́fẹ́ wá. Òtítọ́ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin sọ. Owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà lóṣù keje 2024, àmọ́ òfin owó oṣù náà, ti 2019, yọ àwọn tó ń gba kọmíṣọ̀n sẹ́yìn. Ó tún yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko lásìkò ìkórè nìkan. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ní Ìdànrè ni pé lébìrà tó ń já kòkó àti ọmọ rẹ̀ tó ń fi táì ta ìwé adójútòfò ní ìgboro Àkúrẹ́ wà níta ààbò kan náà. Gbogbo owó tí wọ́n ná sórí ìwé ọmọ yẹn kò gbé e kọjá ibi tí bàbá dúró sí níwájú òfin.

Ọ̀rọ̀ náà tún ti gbóná. Lóṣù kẹta 2024, CBN ní kí báǹkì tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ dé òkè òkun ní olú-owó bílíọ̀nù 500 náírà, kí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà ní bílíọ̀nù 200, wọ́n sì fi 31 oṣù kẹta 2026 ṣe gbèdéke. Àwọn báǹkì tún gbé ìpín ìdókòwò sórí àtẹ. Àwọn tó ra ti 2005 ṣì wà láyé, wọ́n sì rántí.

Ohun tó kù fún olùwáṣẹ́ láti béèrè kò pọ̀: èló ni owó oṣù tí kò ní kọmíṣọ̀n nínú, èló ni tágẹ́ẹ̀tì, kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí kò bá pé, ta gan-an ló gbà mí síṣẹ́, ṣé báǹkì ni àbí iléeṣẹ́ kọ́ńtíráàtì tí ń kó òṣìṣẹ́ fún un? Bí oníkòkó ní Ìdànrè bá ń rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí abúlé láti lọ ra kòkó, ó ń ka owó fún un, ó ń sọ iye tó máa ra kílò kan, ó sì ń sọ èrè rẹ̀ lórí àpò kọ̀ọ̀kan kí ọmọ náà tó gun ọ̀kadà. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta kó tó kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Oṣù mẹ́ta kan náà ni àwọn iléeṣẹ́ kan ń fún òṣìṣẹ́ tuntun pé kó fi mú owó wá, tàbí kó máa lọ.