Ta Ni Ó Tẹ Ìwé Náà?

Bí a bá ń jíròrò lórí ìwé ìtàn-àròsọ nínú kíláàsì, orúkọ òǹkọ̀wé nìkan ni a máa ń pè. Orúkọ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé àkọ́kọ́, orúkọ ẹni tí ó náwó kí ìwé náà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, a kì í tilẹ̀ wò ó. Lójú tèmi, àìmoore ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ará Jámánì kan, Kurt Wolff, gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀.

Ìlú Bonn ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1887. Kì í ṣe ọmọ tálákà. Olùkọ́ orin ni baba rẹ̀, òun náà sì ti ń kó ìwé àtijọ́ jọ láti ìgbà èwe. Ní Leipzig ni ó ti bá Ernst Rowohlt da owó pọ̀ sínú iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1912, Max Brod mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá láti ìlú Prague, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kan tí ojú ń tì. Franz Kafka ni. Wolff ròyìn lẹ́yìn náà pé bí ọkùnrin náà ti ń dágbére, ó ní bí wọ́n bá dá ìwé òun padà, òun yóò dúpẹ́ ju kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ gbọ́ ná! Ọjà wo ni ẹni tí ó ni ín ń bẹ oníbàárà pé kí ó má rà?

Síbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí ọdún náà tó parí, ẹ̀dà 800 péré. Rowohlt bá tirẹ̀ lọ, Wolff sì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ilé-iṣẹ́ náà ní 1913. Ìwé kékeré náà kò yá lọ́jà rárá. Wolff kò tìtorí èyí ti Kafka síta. Ní 1915 ó tẹ Die Verwandlung, ìtàn ọkùnrin tí ó jí láàárọ̀ tí ó bá ara rẹ̀ ní kòkòrò. Kafka kú ní 1924. Wolff ṣì tẹ Das Schloss ní 1926 àti Amerika ní 1927. Ta ni ó mọ̀ nígbà náà pé yunifásítì káàkiri ayé yóò máa fi ìwé wọ̀nyí kọ́ni?

Ẹnìkan lè bi mí pé níbo ni ó ti ń rí owó. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ó tẹ Der Golem ti Gustav Meyrink ní 1915, ó tẹ Der Untertan ti Heinrich Mann ní 1918, ó sì tẹ ìwé Rabindranath Tagore, ará Íńdíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1913. Ọjà àwọn wọ̀nyí yá gidigidi. Èrè orí wọn ni ó fi ń gbọ́ bùkátà àwọn tí ọjà wọn kò yá. Lọ́dọ̀ tiwa, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òǹkọ̀wé tí ó ju ẹyọ kan lọ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi òun ni bóyá wọn yóò yan ìwé náà fún ìdánwò. N kò bá òǹtẹ̀wé jà pé ó ń wá èrè. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, nígbà tí ìwé ìdánwò bá ti mú èrè wọlé tán, ẹ̀dà 800 ti ta ni wọ́n fi tẹ̀?

Wolff pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Owó Jámánì di yẹpẹrẹ ní 1923, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì gbérí mọ́; ní 1930 ó pa á tì. Hitler gorí oyè ní 1933. Ìdílé Júù ni ìyá Wolff ti ṣẹ̀ wá, nítorí náà ó fi ìlú sílẹ̀. Faransé, Ítálì, Faransé lẹ́ẹ̀kan sí i, títí òun àti Helen ìyàwó rẹ̀ fi gúnlẹ̀ sí New York ní 1941. Ní ọdún kejì, ó dá Pantheon Books sílẹ̀. Ẹni ọdún 55 ni, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, lédè tí kì í ṣe tirẹ̀! Pantheon yìí ni ó gbé Doctor Zhivago ti Boris Pasternak jáde ní Amẹ́ríkà ní 1958, ìwé tí ìjọba Soviet kò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ nílé.

Ọkọ̀ ni ó gbá Wolff pa ní Jámánì ní 1963. Helen kò dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró; òun ni ó ń gbé ìwé Günter Grass jáde fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Láti 1961 ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ti gbà kí orúkọ tọkọtaya náà máa hàn lára ìwé tí wọ́n bá yàn. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn nílé-ìkàwé, ẹ wo ojú-ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Orúkọ Helen ni ó ṣáájú.