Kí Ọ̀dà Pupa Tó Kan Ògiri

Ní Abẹ́òkúta, ọ̀dà pupa ni ìjọba fi ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gba Ọbáńtókò lọ sí Aṣerò, tàbí tó gba Adìgbẹ́ wọ Oníkólóbó, á rí i lára ilé tí wọn kò tí ì rẹ́ àti lára fẹ́ǹsì tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣì tutù: àmì X gàdàgbà, tàbí gbólóhùn kan tó ní kí iṣẹ́ dúró, kí onílé wá sí ọ́fíìsì. Láti ọjọ́ náà, ilé ti gba orúkọ, ó ti di ilé tí kò bófin mu. Ohun tí onílé àti aládùúgbò rẹ̀ sì máa ń bi ara wọn ni pé: ta ló wá wo ilẹ̀ yìí kó tó sọ ilé náà lórúkọ?

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, òwe àgbà ni. Ọmọkùnrin tó dé lẹ́yìn ikú bàbá àgbà ni Babátúndé. Èyí tí ìyá rẹ̀ bí sójú ọ̀nà ni Abíọ́nà. Ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni Àìná. Bí ọmọ ṣe dé àti irú ilé tó dé sí ni orúkọ ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú òwe náà tí àwọn tó ń pa á kì í sábà ràntí. Èkíní ni pé ojú tó ń wò kì í ṣe ojú ẹnì kan. Bàbá, ìyá, àwọn àgbà ìdílé àti àwọn àna ló ń pé jọ lọ́jọ́ kẹjọ, tí oníkálukú ń fowó sínú omi kó tó dárúkọ tirẹ̀, ní gbangba. Èkejì ni pé wíwò ní ààlà: ìdílé tí kò bọ Ògún rí kì í sọmọ ní Ògúndélé nítorí pé orúkọ náà dùn lẹ́nu. Ẹni tó bá rò pé òwe yìí ń sọ pé kí oníkálukú ṣe bó ṣe wù ú, ìdajì rẹ̀ ló gbọ́.

Orí àpáta ni Abẹ́òkúta jókòó sí, ìdí nìyẹn tí òwe náà fi kàn án gan-an. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, inú oríṣiríṣi ìlú tí ogun tú ká ni wọ́n ti wá, wọn kò sì da ibùdó wọn pọ̀. Ìtokò, Ìkẹrẹ̀kú, Kẹ́mta, Ìgbẹ̀ìn, Ìgbórè: ìlú kọ̀ọ̀kan mú ibi tirẹ̀ láàárín òkúta, ó sì fi orúkọ tó gbé wá láti igbó Ẹ̀gbá pè é. Àwọn Òwu dé bá wọn ní nǹkan bí ọdún 1834. Bí agbo ilé ṣe ń pọ̀ sí i, ilé méjì ń pín ògiri kan lò, ẹnu ọ̀nà sì ń kọjú sí ibi tí àpáta bá gbà á láyè. Kò sí ẹni tó ń ronú nípa àlàfo, nítorí pé ọmọ ìyá kì í fi mítà mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ara wọn. Òfin ètò ìlú tó kọ́kọ́ kárí Nàìjíríà dé ní 1946, ọdún 116 lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀dó.

Ẹni tó bá fẹ́ wó ilé alámọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìtokò lónìí, kó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn síbẹ̀, ni ọ̀rọ̀ àlàfo yìí ń ká lára. Ìlànà tó wọ́pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni pé kí ilé gbígbé fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, kó fi mítà 3 sílẹ̀ lẹ́yìn àti ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Pulọ́ọ̀tì kan, bí àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣe ń tà á, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Bí wọ́n bá yọ ìwọ̀n tí òfin béèrè, mítà 12 sí 27 ló kù fún ilé, ìdajì ilẹ̀ náà gẹ́lẹ́. Èyí ṣì ṣe é kọ́. Àbọ̀ pulọ́ọ̀tì ni owó ọ̀pọ̀ olùkọ́, awakọ̀ àti aládìrẹ Ìtòkú ká. Bí wọ́n bá la pulọ́ọ̀tì sí méjì ní gígùn rẹ̀, mítà 9 péré ni ó fẹ̀. Ẹ yọ mítà 3 lọ́tùn-ún, ẹ yọ mítà 3 lósì: mítà 3 ló kù, fífẹ̀ yàrá kan ṣoṣo. Ẹni tó ti sanwó tán, tó ní rìsíìtì lọ́wọ́, ni ó wá ń gbọ́ pé ilẹ̀ òun kò gba ilé. Ohun tó máa ń ṣe lẹ́yìn náà kò ṣòro láti mọ̀. Á dúró di ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí ọ́fíìsì bá ti tì, á sì ní kí bíríkìlà tètè wá.

Òfin náà kò burú o. Àlàfo yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, òun ni ọkọ̀ panápaná ń gbà kọjá, òun ni kì í jẹ́ kí ògiri ẹnì kan wó lé ọmọ ẹlòmíì lórí. Ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àpáta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, nítorí náà sọ́kàwéè kì í lè jìn púpọ̀. Ohun tó bá sun jáde nínú rẹ̀ ń wá ọ̀nà lọ sínú kànga tó bá wà nítòsí. Àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń béèrè pé kí nǹkan bíi mítà 30 wà láàárín kànga àti ihò ìgbẹ́. Àbọ̀ pulọ́ọ̀tì mẹ́rin tó bá tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò ju mítà 36 lọ: ilé mẹ́rin, kànga mẹ́rin, sọ́kàwéè mẹ́rin. Bí wọ́n bá fi ojúure yọ̀ǹda mítà kan fún baálé ilé kan láìwo ibi tí kànga aládùúgbò wà, ọmọ aládùúgbò ni yóò mu ojúure náà.

Odò Ṣokorí ń gba àárín ìlú kọjá lọ bá odò Ògùn. Ní oṣù Keje 2018, òjò ńlá kan rọ̀ ní Abẹ́òkúta, àgbàrá rẹ̀ gba ẹ̀mí ènìyàn, ó wọ ilé, ó gbé ọkọ̀ lọ. Ìdílé tó sin òkú nínú ọ̀sẹ̀ náà kò ní fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n yọ̀ǹda etí odò fún ẹnì kan nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ kéré. Ibí yìí ni wíwo ilé ti ń le ju òfin lọ, nítorí pé pílánù tó pé pérépéré lórí tábìlì, tí mítà rẹ̀ kò dín, ṣì lè jókòó sójú ọ̀nà omi. Ẹni tó bá wà ní ọ́fíìsì kò lè rí ọ̀nà omi. Ẹni tó bá débẹ̀ lásìkò òjò ló ń rí i.

Òkè-Mọ̀sán, ibùjókòó ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni agbára láti wò àti láti sọ lórúkọ wà báyìí. Òfin Ilẹ̀ 1978, tí ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta, gbé kalẹ̀, ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Òfin ètò ìlú 1992 ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ, ó sì la ọ̀nà ilé ẹjọ́ pàtàkì kan sílẹ̀ fún ẹni tí ìpinnu bá dùn. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, ní 2003 sì ni àwọn adájọ́ sọ pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú, kì í ṣe Àbújá. Nítorí náà, bí ìlànà kan kò bá bá òkúta Abẹ́òkúta mu, ilé ni wọ́n ti lè tún un ṣe.

Èkó ti fi hàn bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí orúkọ bá ṣáájú wíwò. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ló bí ìgbìmọ̀ LEDB ní 1928, láti tún Erékùṣù Èkó ṣe. Ní 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín erékùṣù náà, wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Súrùlérè. Ibi ẹ̀gbin ni orúkọ tí wọ́n fún un, ẹ̀gbin sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá bá àwọn ìdílé náà sọ̀rọ̀, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, ohun tó rí ni pé agbo ilé yẹn ni ọjà wọn, òun ni ìtọ́jú àgbàlagbà wọn, òun ni ìyá àgbà tó ń bá wọn wo ọmọ. Ilé tó mọ́ ni wọ́n fún wọn. Oníbàárà ìyá tó ń ṣòwò kò bá a lọ sí Súrùlérè, ìdílé sì tú ká.

Abẹ́òkúta tọ́ irú rẹ̀ wò láàárín 2011 sí 2019, nígbà tí ìjọba Gómìnà Ìbíkúnlé Amósùn ń fẹ ọ̀nà, tí wọ́n ń kọ́ afárá sí Ìbarà, Sápọ́n àti Ìtòkú. Ọ̀nà gbòòrò lóòótọ́, ilé àti ṣọ́ọ̀bù sì lọ. Ìjọba yẹn kan náà ló gbé ètò Home Owners' Charter kalẹ̀ ní 2013, tí wọ́n ní kí àwọn tó ti kọ́lé láìní ìwé jáde wá, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ (C of O) àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní owó tó rọjú. Ìgbésẹ̀ tó dára ni, ó sì yẹ kí a yìn ín, nítorí ó gbà pé kì í ṣe ọ̀daràn ni gbogbo ẹni tí kò ní ìwé. Àbùkù irú ètò bẹ́ẹ̀, níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣe é, ni pé fọ́ọ̀mù àti owó lè sáré ju ẹsẹ̀ lọ. Ìwé ò ní kí Ṣokorí má kún.

Ní ti wíwò kí a tó yọ̀ǹda, Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ní ọ̀nà kan tó jọ ìkómọjáde lójú ẹni tó bá mọ ìkómọjáde. Bí onílé bá fẹ́ kí wọ́n yọ̀ǹda ìlànà fún òun, iwájú ìgbìmọ̀ ẹni 3 tàbí 5 ní ìlú kéékèèké tirẹ̀ ni yóò lọ. Wọ́n á kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, wọ́n á lẹ ìkéde mọ́ ilẹ̀ náà, aládùúgbò á wá sọ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn ìjókòó tó kẹ́yìn, ọjọ́ 45 ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Bí wọ́n bá kùnà, ẹni tó béèrè ni òfin gbè. Ohun tó ṣe kókó jù ni ìbéèrè tí wọ́n ń bi í: ṣé ara ilẹ̀ náà ni ìṣòro ti wá, bí àpáta, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí bí ilẹ̀ ṣe rí tóóró, àbí ìwọ fúnra rẹ lo dá a sílẹ̀? Ipò àti owó ẹni náà kò wọ inú ìdáhùn. Bí wọ́n bá bi àwọn ará Ìtokò ní ìbéèrè yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò yege, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dí gọ́tà láti fẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì ní yege.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wá díjú sí i nígbà tí ilé kò bá jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù. Kọ̀ǹténà ti di ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì káàkiri Abẹ́òkúta, àwọn kan sì ti ń ronú ilé gbígbé tí wọ́n rọ ní ilé iṣẹ́, tí ọkọ̀ àjàgbé gbé dé, tí wọ́n tò pọ̀ lórí ìpìlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ojú tí wọ́n fi ń wo kíọ́sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ètò ìlú fi ń wo irú rẹ̀: ilé ìgbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ìlú Ọba kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ tó lé ní 156,000 lẹ́yìn òfin ilé ìgbà díẹ̀ ti 1944, wọ́n ní ọdún mẹ́wàá tàbí díẹ̀ lé ni wọ́n máa lò. Ní Catford, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú wọn lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, tí ìjọba sì fi mẹ́fà nínú wọn sí àkọsílẹ̀ ilé ìtàn ní 2009.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ti fi irin kọ́ ilé fún kọ́ńsù wọn ní Èkó láàárín ọdún 1850 sí 1860, wọ́n rọ ọ́ tán lọ́hùn-ún kí ọkọ̀ òkun tó gbé e wá. Richard Burton, tó wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta ní 1861, fi ilé náà wé pósí, nítorí bí àwọn kọ́ńsù ṣe ń kú léraléra nínú rẹ̀. Àwọn tó rọ ilé náà kò wo oòrùn tí yóò pa á. Nítorí náà, kò yẹ kí ibi tí wọ́n ti rọ ilé ló máa fún un lórúkọ. Ìpìlẹ̀ rẹ̀, bí òrùlé ṣe di mú nígbà ìjì, bí ó ṣe ń lé ooru jáde, ibi tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń lọ: ìwọ̀nyí ló yẹ kí wọ́n wò. Ní orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta, ilé tó fúyẹ́ tó dúró lórí òpó lè sàn ju ti búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ní láti fọ́ òkúta fún.

Kò pọn dandan kí Ìpínlẹ̀ Ògùn dúró de òfin tuntun kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ń ṣe ìpàdé déédéé káàkiri Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáwó tráńsfọ́mà, tí wọ́n ń sanwó ọdẹ. Àwọn tó mọ ibi tí omi ń gbà nígbà òjò wà níbẹ̀, àwọn tó mọ kànga ta ló ti ń rùn wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n dín mítà kù fún òun, kí wọ́n ka ohun tó béèrè sétí ìpàdé yẹn, kí òṣìṣẹ́ ètò ìlú wá bá wọn rìn lórí ilẹ̀ náà. Kí wọ́n wá lẹ ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ìbílẹ̀ ní Aké fún Gúúsù Abẹ́òkúta, ní Akọ́mọ́jẹ fún Àríwá, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, orúkọ òṣìṣẹ́ tó lọ wò ó, àti ọjọ́ tó lọ.